Àyà mi ń já, kí ni kí n ṣe? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwa tá à ń gbé Àbújá àti òkè ọya

Àwọn ìbéèrè táwọn èèyàn wa máa ń béèrè lórí ọ̀rọ̀ àníyàn la kó jọ síbí, àwa tá à ń gbé Àbújá, Kàdúná, Kánò, Jos àti àwọn ìlú òkè ọya yòókù. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní grounding la fi dáhùn ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ lè kà á látòkè délẹ̀, ẹ sì lè fo lọ síbi tó kàn yín. Tó bá jẹ́ pé àyà yín ń já lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀ ná, ẹ lọ tààrà síbi tá a kọ "Ó ti ń ṣe mí báyìí" sí.

Kí lẹ̀ ń pè ní grounding gan-an?

Ohun tó rọrùn ni, orúkọ ẹ̀ ló ń dẹ́rù bani. Tí àníyàn bá mú èèyàn, ara á wà ní Wuse, ọkàn á ti lọ sí ọ̀la, á ti lọ síbi owó ilé tó máa tó pé, síbi ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá sọ ní ọ́fíìsì lánàá, sọ́dọ̀ ọmọ tí ò tíì pè láti iléèwé. Gbogbo ọ̀nà téèyàn lè gbà fa ọkàn yẹn padà wá síbi tára wà la ń pè ní grounding, ohun tójú ń rí, tétí ń gbọ́, tọ́wọ́ ń kàn, tímú ń gbóòórùn ẹ̀ la sì fi ń fà á. Kò gbowó, kò béèrè yàrá tó dákẹ́, ẹni tó jókòó tì yín nínú ọkọ̀ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ẹ ń ṣe é.

Mindfulness tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ yẹn fẹ̀ jù ú lọ, ìyẹn ni kéèyàn máa kíyè sí ohun tó ń lọ lọ́wọ́ láìbá ara ẹ̀ jà lórí ẹ̀. Grounding ni apá tó yá jù nínú ẹ̀, èyí téèyàn lè lò lórí ìdúró.

Kí ló dé tó fi máa ń dà bíi pé mo fẹ́ kú? Ṣebí àníyàn lásán ni?

Kò sí lásán níbẹ̀ o. Ọpọlọ wa ní ibi kékeré kan tó ń ṣọ́ ewu, amygdala ni wọ́n ń pè é. Tó bá ti fura, kò ní dúró béèrè ẹ̀rí, á kàn kígbe sí ara, adrenaline á tú sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì, èémí á máa yára, ẹ̀jẹ̀ á fi ikùn sílẹ̀ lọ sínú iṣan apá àti ẹsẹ̀ kéèyàn lè sá tàbí kó jà. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń dà rú, tí ọwọ́ ń tutù, tí òógùn ń bọ́ nígbà tí ooru ò mú. Téèyàn bá wá ń mí kíákíá jù, carbon dioxide tó yẹ kó ṣẹ́ kù sára á dín kù, òun ló ń fa òòyì, òun náà ló ń jẹ́ kí ìka ọwọ́ àti ètè máa kú. Ẹni tí ò mọ̀, á rò pé ikú ti dé, ẹ̀rù á tún bà á sí i, adrenaline á tún tú sí i, bó ṣe máa ń le sí i nìyẹn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ara ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹranko tó fẹ́ pa èèyàn jẹ àti mẹ́sẹ́èjì tí ọ̀gá fi ránṣẹ́ láago mẹ́wàá alẹ́ pé "wá rí mi lọ́la". Ìpalẹ̀mọ́ kan náà ló máa ṣe fún méjèèjì.

Ẹ ò lè pàṣẹ fún ọkàn pé kó má lù mọ́. Ẹ ò lè pàṣẹ fún adrenaline. Ṣùgbọ́n èémí wà lọ́wọ́ yín, ojú àti ọwọ́ wà níkàáwọ́ yín. Tí èémí tó ń jáde bá ti gùn ju èyí tó ń wọlé lọ, iṣan kan wà tó gba ọrùn láti ọpọlọ wá sí àyà àti ikùn, vagus lorúkọ ẹ̀, òun ló máa bá ọkàn sọ ọ́ pé kó rọra. Ohun míì tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ìpayà tó le gan-an sábà máa ń dé góńgó láàárín ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ó ní òpin. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ di ìyẹn mú dáadáa torí nígbà tó bá ń ṣe èèyàn kì í dà bíi pé ó ní.

Ó ti ń ṣe mí báyìí. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jókòó, ẹ jẹ́ kí ìdí yín gúnlẹ̀ dáadáa sórí àga, tẹ́ ẹ bá dúró, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri tàbí ara ọkọ̀ tàbí ohunkóhun tó bá le. Bàtà tó bá há, ẹ bọ́ ọ.

Ẹ wá tú èémí jáde látẹnu, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń fẹ́ tíì gbígbóná kó lè tutù. Gbogbo èèyàn ló máa ń sọ pé kẹ́ ẹ mí sínú, kẹ́ ẹ mí kanlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí àyà ẹ̀ ń já ti fa afẹ́fẹ́ sínú jù tẹ́lẹ̀, jíjáde ló kù. Ẹ tú u jáde tán kẹ́ ẹ tó fi imú fà á wọlé. Ẹ máa kà á lọ́kàn: wọlé, ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, jáde, ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà. Tí ẹ̀fà bá pọ̀ jù, ẹ ṣe mẹ́ta wọlé kẹ́ ẹ ṣe márùn-ún jáde, ẹ̀yin àti ẹnikẹ́ni ò jọ ń figagbága. Bí ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta bẹ́ẹ̀.

Tí omi tútù bá wà nítòsí, kódà píọ̀ wọ́tà kan tó ti wà nínú kúlà, ẹ gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ẹ̀yìn ọrùn, tàbí kẹ́ ẹ bu omi sójú. Omi tútù lójú máa ń dín bí ọkàn ṣe ń yára kù, bí Ọlọ́run ṣe dá ara èèyàn nìyẹn. Ẹni tó bá ní àrùn ọkàn tẹ́lẹ̀ kó má lọ ki orí bọ omi yìnyín o, kó fi omi lásán bọ́jú, ó ti tó.

Lẹ́yìn náà ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́nu, ohùn kékeré: orúkọ mi ni báyìí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun la wà, iwájú báǹkì ni mo wà ní Gárkí, àníyàn ló ń ṣe mí, ó ti ṣe mí rí ó sì lọ. Ẹ máa pe orúkọ ibi tẹ́ ẹ wà gan-an, ìyẹn ló lágbára jù nínú gbólóhùn yẹn.

Wọ́n ní kí n ka nǹkan márùn-ún wá sórí ẹyọ kan. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, torí ẹ̀ ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Ohun márùn-ún tójú rí, mẹ́rin tọ́wọ́ tàbí ara kàn, mẹ́ta tétí gbọ́, méjì tímú gbóòórùn ẹ̀, ẹyọ kan tẹ́nu tọ́ wò. Lórí ìwé ó dà bí eré ọmọdé, ojú ọ̀nà lẹ ti máa mọ iṣẹ́ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí Nyanya láago méje àárọ̀, ibẹ̀ ni àníyàn ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń bẹ̀rẹ̀ lóòjọ́. Ẹ ti wọ bọ́ọ̀sì ní Mararaba, ẹ fẹ́ dé Secretariat kí aago mẹ́jọ tó lù, ọkọ̀ ò rìn, dírẹ́bà ti pa ẹ́ńjìnnì, àyà yín sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lù torí lẹ́ẹ̀kan tẹ́ ẹ pẹ́ níjẹta ọ̀gá ti sọ̀rọ̀ sí yín níwájú àwọn tó wà lábẹ́ yín lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ wo nǹkan márùn-ún, kì í ṣe kẹ́ ẹ kàn máa sọ pé ọkọ̀, ọkọ̀, ọkọ̀. Ẹ wò ó dénú. Ọ̀dà àwọ̀ ewé tó wà lára taksí ẹ̀gbẹ́ yín, bó ṣe ti ń ṣí létí ilẹ̀kùn tí irin fi yọ. Gíláàsì iwájú tó ti sán, ìlà kan gùn, èkejì kúrú. Fìlà tí bàbá tó jókòó síwájú dé, bí wọ́n ṣe fi òwú aró ṣiṣẹ́ sí i lára, ẹ tẹ̀ lé òwú yẹn látìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tó parí sí. Ọmọkùnrin tó ń ta gálà, ọwọ́ tó fi di páálí mú. Òkè olókùúta tó yọ lọ́hùn-ún láàárín kùrukùru. Ó di márùn-ún.

Mẹ́rin tára kàn: aṣọ tó wà lórí orúnkún yín, irin ẹ̀yìn àga iwájú tó ṣì tutù láàárọ̀ yẹn, síìpù báàgì, pákó ilẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ bàtà. Mẹ́ta tétí gbọ́: kọndọ́kítọ̀ tó ń pe AYA, Berger, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín, hóònù tírélà, àwọn obìnrin méjì tí wọ́n ń sọ Hausa lẹ́yìn, ẹ má wulẹ̀ túmọ̀ ohun tí wọ́n ń sọ, ẹ kàn gbọ́ bí ohùn wọn ṣe ń gòkè tó ń sọ̀. Méjì tímú gbọ́: èéfín dísẹ́ẹ̀lì, àkàrà tí wọ́n ń dín létí títì. Tó bá jẹ́ àsìkò ọyẹ́, eruku á wà nínú ẹ̀, ẹ ka ìyẹn náà mọ́ ọn. Ẹyọ kan tẹ́nu tọ́ wò: omi, súìtì, ohunkóhun tó bá wà lẹ́nu.

Ọkọ̀ lè má tíì rìn lẹ́yìn gbogbo ẹ̀. Ọ̀gá lè ṣì bínú. Ṣùgbọ́n ẹ máa rí i pé èjìká ti wálẹ̀ kúrò létí, àyà tó ń lù kìkì ti rọra, ẹ sì lè wá ronú bóyá kẹ́ ẹ pe ọ́fíìsì sọ fún wọn, bóyá kẹ́ ẹ sọ̀ kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn dé iwájú. Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ ni pé ọkàn tó ń tẹ̀ lé òwú lára fìlà ò ráyè ro bí wọ́n ṣe máa bú òun. Á sá lọ ṣá, á sá lọ léraléra, ẹ kàn fà á padà láìbú ara yín. Fífà á padà yẹn gan-an niṣẹ́ náà. Tẹ́ ẹ bá sì ka mẹ́rin dípò márùn-ún, kò bàjẹ́ o.

Èmi ni mo ń wa ọkọ̀ ńkọ́?

Ẹ má pa ojú dé, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹ di síárìn mú, kẹ́ ẹ mọ bó ṣe le tó lọ́wọ́, ẹ tú èémí jáde gùn, ẹ dín eré kù. Tí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ tan iná ìkìlọ̀, ẹ wá ibi tó láàbò tí èèyàn wà, filling station dára, ẹ páàkì, kẹ́ ẹ wá ṣe èyí tá a sọ lókè.

Tí mo bá tẹ̀ lé èémí mi, ńṣe ni ẹ̀rù tún ń bà mí sí i.

Ó máa ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn bẹ́ẹ̀, pàápàá àwọn tó ní asthma àti àwọn tí ìpayà wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti àyà. Ẹ fi èémí sílẹ̀, kò sí òfin níbẹ̀. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ lò: ẹ di ìkúùkù pinpin fún bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kẹ́ ẹ tú u, kẹ́ ẹ kíyè sí bó ṣe ń gbóná nígbà tó tú. Tàbí kẹ́ ẹ fi ojú wá gbogbo ohun tó jẹ́ àwọ̀ búlúù nínú yàrá. Tàbí kẹ́ ẹ máa rìn, kẹ́ ẹ máa kíyè sí gìgísẹ̀ tó ń kọ́kọ́ kanlẹ̀ kí ọmọ ìka tó tẹ̀ lé e. Ẹnì kan wà tó jẹ́ pé tèṣúbáà lọ́wọ́ nìkan ló ń mú ọkàn ẹ̀ padà. Èyí tó bá bá yín lára mu, òun ni tiyín.

Mùsùlùmí ni mí, ìyàwó mi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé èyí ò ta ko ẹ̀sìn?

Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ ká fi bò. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ti ń ṣe irú àṣàrò tí mindfulness ti wá láti ayébáyé. Ní 1979, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Jon Kabat-Zinn bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ọ̀sẹ̀ 8 ni wọ́n fi ń ṣe é, àwọn tí ìrora ò fi sílẹ̀ ló kọ́kọ́ wà fún, ó sì yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kúrò nínú ẹ̀. Látibẹ̀ ló ti wọ ọsibítù káàkiri ayé. Grounding tá à ń sọ níbí yìí tiẹ̀ kéré sí ìyẹn: kò sẹ́ni tẹ́ ẹ̀ ń pè, kò sí ọfọ̀, kò sí ère. Ẹ kàn ń wo ohun tó wà níwájú yín ni.

Ìjọsìn ni àlùwàlá, mi ò ní sọ pé òun náà ni grounding. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣe é tí ò sáré, tó jẹ́ kí omi kan ọwọ́, kó kan ẹnu àti imú, kó ṣàn lójú, kó ṣàn dé ìgúnpá, kó kan orí, kó wá dé ẹsẹ̀, tó sì kíyè sí gbogbo ẹ̀, ara ẹ̀ máa balẹ̀ kó tó dé orí ẹní. Ẹni tó ń ka Sáàmù tó ti mọ̀ sórí, gbólóhùn kan sí èémí kan, náà á rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ ò ní láti yan ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ohun kan tó máa ń dùn mí ni kí wọ́n máa sọ fún èèyàn pé ìgbàgbọ́ ẹ̀ ló kéré. Èèyàn lè gbàdúrà tọkàntọkàn kí àyà ẹ̀ ṣì máa já. Ara ló ń ṣe iṣẹ́ ara.

Ìṣòro mi wà lóòótọ́, kò sí nínú orí. Ṣé mímí máa san owó ilé?

Kò ní san án. Ẹni tó bá ní Àbújá ò le kó sọ fún ẹni tí lándílọ́ọ̀dù ẹ̀ ti kọ lẹ́tà pé owó ọdún kan ló fẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí grounding ń ṣe ni pé ó ń dá orí padà sípò téèyàn lè fi ronú sówó ilé yẹn, torí ọkàn tó pòrúúru kì í lè ṣírò, ńṣe ló ń yí po ojú kan náà.

Torí náà, tí ara bá ti balẹ̀ díẹ̀, ẹ mú bébà. Ẹ kọ ohun tó ń da yín láàmú sílẹ̀ bó ṣe jẹ́. Èyí tọ́wọ́ yín lè tó lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kọ ìgbésẹ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀: pe lándílọ́ọ̀dù pé mo fẹ́ san án lẹ́ẹ̀mejì, bi ẹ̀gbọ́n ní Kubwa bóyá àjọ ẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Èyí tọ́wọ́ yín ò tó, ẹ fi sọ́tọ̀. Àwọn tó ń tọ́jú àníyàn tún máa ń ní kéèyàn dá àkókò kan sí fún àníyàn, bí ogún ìṣẹ́jú nírọ̀lẹ́, kó má sún mọ́ àkókò oorun. Tí èrò náà bá wá láàárọ̀, ẹ sọ fún un pé ó di aago márùn-ún. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bó ṣe máa ń gbọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èyí pa ìkìlọ̀ tòótọ́ rẹ́ o. Tí ọkọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀ ní Berger bá ń fu yín lára, tí àwọn tó wà nínú ẹ̀ ò jọ èrò, ẹ má jókòó máa ka èémí, ẹ má wọ̀ ọ́. Ìbẹ̀rù ibẹ̀ yẹn ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ ni.

Èyí tó wà láàárín ni ti ẹni tí ọkọ ẹ̀ tàbí ọmọ ẹ̀ wà lójú ọ̀nà Kàdúná, tí ẹ̀rù tọ́ kó bà á àmọ́ tí kò sí ohun tó lè ṣe. Ẹ jọ ṣàdéhùn kó tó kúrò nílé: á pè tó bá kúrò ní Zuba, á pè tó bá dé. Láàárín méjèèjì, ẹ fún ọwọ́ níṣẹ́. Ẹ da ẹ̀wà sórí tìrèé kẹ́ ẹ máa ṣà á, ẹyọ kan ẹyọ kan, ẹ jẹ́ kí ìka mọ èyí tó jẹ́ òkúta àti èyí tó ti dá ihò, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún nígbà tó bá bọ́ sínú abọ́. Tí ọkàn bá tún sáré lọ sójú títì, ẹ kó ìka padà sínú ẹ̀wà. Ẹ jẹ́ kí fóònù wà níbi tẹ́ ẹ ti máa gbọ́ ọ, kó má wà lọ́wọ́ yín.

Fóònù yẹn gan-an ńkọ́?

Ó wà lára ohun tó ń ba ọkàn jẹ́ jù. Àwọn voice note tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo gúrúùpù pé wọ́n ti dé ibí, wọ́n ti dé ọ̀hún, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó sọ ọ́ tàbí ọdún tó sọ ọ́. Ẹ pa ìró àwọn gúrúùpù yẹn, ẹ wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ tó bá pọn dandan, ẹ má sì wò wọ́n lórí ibùsùn.

Alẹ́ ni tèmi. Mi ò rí oorun sùn.

Dọ́kítà ará Amẹ́ríkà kan, Edmund Jacobson, ló gbé ọ̀nà kan jáde ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn tí wọ́n ṣì ń lò títí dòní: kéèyàn máa fún iṣan ara, kó máa tú u, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀. Ẹ ká ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọlé pinpin fún bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ẹ tú u, ẹ dúró díẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe ń rọ̀. Ẹ lọ sí ojúgun, itan, ìdí, ikùn, ọwọ́, èjìká, àgbọ̀n, iwájú orí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé àwọn ti ń fún àgbọ̀n pọ̀ látàárọ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti pẹ́ jù. Ibi tó bá ń dùn yín, ẹ má fún un, ẹ fò ó.

Lóṣù kẹta àti ìkẹrin tí ooru Àbújá bá mú, tí iná ò sí, ara ò lè balẹ̀ lórí fóòmù tó gbóná. Ẹ fi omi rin aṣọ, ẹ fún un, ẹ tẹ́ ẹ lé àyà tàbí kẹ́ ẹ ki ẹsẹ̀ bọ omi kẹ́ ẹ tó dùbúlẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa kíyè sí bó ṣe tutù. Tó bá ti tó bí ogún ìṣẹ́jú tí oorun ò wá, ẹ dìde, ẹ lọ jókòó sí pálọ̀ láìtan fóònù, ẹ padà tí ojú bá wúwo.

Ṣé ohun tí mò ń jẹ tàbí tí mò ń mu lọ́wọ́ sí i?

Ó lọ́wọ́ sí i dáadáa. Kọfí, energy drink, tíì tó dúdú, àti obì, gbogbo wọn ló ní caffeine, caffeine sì máa ń mú kí ọkàn lù. Ẹni tó bá jẹ obì awẹ́ mẹ́ta tó tún mu energy drink kó lè parí iṣẹ́ alẹ́, tó wá ń sọ pé àyà òun ń já, kó dín ìyẹn kù ná. Ebi náà ń ṣe é: ọwọ́ tó ń gbọ̀n láago méjìlá lè jẹ́ pé ẹ ò tíì jẹun ni.

Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó kó tó ṣiṣẹ́?

Nígbà míì ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àmọ́ ẹni tó bá ń dúró dìgbà tí àyà bá já kó tó rántí ẹ̀, kì í rí i lò, torí orí ti fò lọ. Ìgbà tára bá le ni kẹ́ ẹ máa ṣe é, díẹ̀díẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tẹ́ ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀: nígbà tẹ́ ẹ bá ń dúró de omi kó hó, nígbà tẹ́ ẹ wà lórí ìlà ATM, nígbà tẹ́ ẹ bá ń fọ abọ́. Ìṣẹ́jú kan, lójoojúmọ́. Tó bá wá di ọjọ́ ìṣòro, ara á ti mọ ọ̀nà.

Ẹnì kan ni ìpayà mú níwájú mi. Kí ni kí n ṣe?

Ká ní mama kan ni, nínú ọjà Wuse, ó dédé jókòó sílẹ̀, ó ń mí gùlegùle. Ẹ bẹ èrò kí wọ́n fún un láfẹ́fẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ojú yín bá tiẹ̀ dọ́gba. "Ẹ pẹ̀lẹ́ ma. Mo wà níbí, mi ò lọ ibì kankan. Ṣé kí n di yín lọ́wọ́ mú?" Tó bá kọ̀, ẹ má dì í. Ẹ má sọ pé kó fọkàn balẹ̀, ká ní ó lè ṣe é ni ì bá ti ṣe é. Ẹ máa tú èémí jáde gùn kó lè gbọ́ tiyín, tirẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Ẹ wá bi í ní ìbéèrè kékeré: "Mama, àwọ̀ wo ni aṣọ tí wọ́n fi kọ́ sókè yẹn? Ẹsẹ̀ yín ń kan ilẹ̀ àbí?" Ẹ má fi ọ̀rá tàbí bébà bo imú ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé àyà ló ń dùn ún gan-an, tí ìrora lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tàbí ó dákú, ọsibítù ni kíákíá, ẹ má rò ó pé àníyàn ni. Nọ́ńbà pàjáwìrì ní Nàìjíríà ni 112.

Ti ọmọdé ò yàtọ̀ púpọ̀. Ẹ ní kó ká ọmọ ìka ẹ̀ kan kan bó ṣe ń mí, kó wá ohun pupa márùn-ún nínú kíláàsì. Ẹni tó fẹ́ lọ ṣe JAMB, ẹ bá a dánra wò lóṣù tó ṣáájú, kó má jẹ́ àárọ̀ ìdánwò ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ohun búburú kan ṣẹlẹ̀ lójú mi, ó ṣì máa ń padà wá.

Àwọn tó wà ní gáréèjì Nyanya lọ́jọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2014 tí bọ́ǹbù bú, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná tí wọ́n kọlù lọ́jọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2022, àwọn tí wọ́n jí gbé lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ tiwọn jinlẹ̀ ju àníyàn ojoojúmọ́ lọ. Tí ìrántí bá gbé yín lọ, ẹ má pa ojú dé, ẹ là á, ẹ sọ déètì òní àti ibi tẹ́ ẹ wà, ẹ fọwọ́ kan ohun tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó máa ràn yín lọ́wọ́ láti la wákàtí yẹn já. Ìtọ́jú gidi wà fún un lọ́dọ̀ àwọn tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀, ẹ má dá a gbé.

Ìgbà wo ni kí n lọ rí dọ́kítà? Wọn ò ní ní mo ti ya wèrè?

Tí àníyàn bá ti ń mú yín ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ fún oṣù mẹ́fà, tàbí tí ò tíì tó bẹ́ẹ̀ àmọ́ tí ẹ ò lè lọ síbi iṣẹ́ mọ́, tí ẹ ò lè jẹun, tí ẹ ń sá fún ọjà, fún ọkọ̀, fún èèyàn. Tí ẹ bá ti ń mutí tàbí lo oògùn kẹ́ ẹ tó lè sùn. Tí èrò pé ó sàn kí n kú bá ti ń wá, ẹ má dúró rárá, ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí, kí wọ́n tẹ̀ lé yín lọ sí ọsibítù tó bá sún mọ́ yín.

Lọ́dọ̀ tiwa, orúkọ Àrò nìkan ti tó láti lé èèyàn sá. Ibẹ̀ náà sì ni dọ́kítà ọpọlọ kan, Thomas Adeoye Lambo, ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1954 tó jẹ́ káwọn aláìsàn máa gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, tí wọ́n á wá gba ìtọ́jú lọ́sàn-án. Ẹ̀yin nìkan sì kọ́ o: Àjọ ìlera àgbáyé WHO ṣírò ẹ̀ pé ní 2019, èèyàn mílíọ̀nù 301 ni àìsàn àníyàn ń bá fínra káyé. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí ààrẹ Buhari fọwọ́ sí lóṣù kìíní ọdún 2023, ló rọ́pò òfin tó ti wà láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn.

Ẹ̀ka tó ń rí sí ọpọlọ wà ní ọsibítù Yunifásítì Àbújá ní Gwagwalada. Ní Kàdúná, Barnawa ni ọsibítù ìjọba àpapọ̀ tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ wà. Ní Kánò, Dawanau ni, ọsibítù Aminu Kano náà sì ní tiwọn. Ẹni tó wà ní Jos, ẹ lọ sí JUTH, ìyẹn ọsibítù Yunifásítì Jos. Tí ibẹ̀ bá jìn, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ dọ́kítà lásán, torí ó yẹ kó wo ẹ̀jẹ̀ ríru, àìtó ẹ̀jẹ̀ àti thyroid tó wà lọ́rùn, àwọn náà lè mú kí àyà máa já. Ẹ má lọ ra oògùn amárabalẹ̀ bíi Valium tàbí Lexotan fúnra yín ní kẹ́míìsì, ó máa ń mú èèyàn lẹ́rú. Tẹ́ ẹ bá sì ti ń lò ó tipẹ́, ẹ má dá a dúró lójijì, dọ́kítà ló máa bá yín dín in kù.

Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí iwájú dọ́kítà ni gbogbo ẹ̀ ti máa ń fò lọ: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, iye ìgbà tó ń ṣe yín lọ́sẹ̀, ibi tẹ́ ẹ máa ń wà, ohun tára ń ṣe, gbogbo oògùn àti àgbo tẹ́ ẹ̀ ń lò, àti èyí tẹ́ ẹ ti dán wò nínú ohun tá a kọ síbí, èyí tó ṣiṣẹ́ àti èyí tí ò ṣiṣẹ́.